Fóònù Lọ́wọ́, Ojú Lókè: Bí Ọmọ Mushin, Yaba àti Surulere Ṣe Lè Mọ Ojú Sánmà

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó. Olóòtú ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, Abubakar Tafawa Balewa, wọ inú rẹ̀, ó gbé fóònù, ó sì bá Ààrẹ John F. Kennedy tó wà ní Washington sọ̀rọ̀. Ohùn wọn kò gba inú okùn abẹ́ òkun. Sátẹ́láìtì kan, Syncom 2, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sókè ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún náà, ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan tó ń fi jíṣẹ́ fún ẹnì kejì, láti ibi tó ga tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Kò tíì sí olórí ìjọba méjì tó bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí rí kí ti Èkó tó ṣẹlẹ̀.

Ìtàn yìí kì í sábà dé etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní Mushin, Yaba àti Surulere, bẹ́ẹ̀ ìlú wọn gan-an ló ti wáyé. Amẹ́ríkà lọ sínú òṣùpá, Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ gbé èèyàn lọ sókè: ohun tí wọ́n ń gbọ́ nìyẹn, ó sì wá ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ òfurufú kò kan ilé wọn. Àwòrán ọjọ́ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá gba fóònù ìyá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè wá a rí. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ mọ ìràwọ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ilé ìkàwé èyíkéyìí lè kó jọ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àgbàlagbà tó máa jókòó ti ọmọ náà, tó sì máa sọ fún un nígbà tó bá yá pé, "Ó tó, gbé fóònù sílẹ̀, jẹ́ ká jáde lọ wò ó."

Ẹnìkan á ní kí ló kù lójú sánmà Èkó tí èèyàn fẹ́ wò. Iná òpópónà ń bẹ, iná ṣọ́ọ̀bù ń bẹ, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti danfo kò jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́. Nígbà òjò, àwọ̀sánmà á bo gbogbo rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á gba ipò rẹ̀. Òótọ́ ni. Kò sí bí ọmọ Mushin ṣe máa rí ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ tí ọmọ abúlé kan ní Òkè-Ògùn ń rí. Ṣùgbọ́n iná ìlú kò lágbára lórí òṣùpá, kò sì lè bo Venus, Jupiter, Saturn àti Mars mọ́lẹ̀. Sirius, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti gbogbo ìràwọ̀ alẹ́ yòókù lọ, hàn kedere lókè Ojúẹlẹ́gba láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin. Àwọn mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní àárín àgbájọ ìràwọ̀ Orion náà kì í fara pa mọ́.

Èkó tún ní ohun kan tí London àti New York kò ní. Nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 péré la fi wà ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà, ìràwọ̀ àríwá àti ti gúúsù ló ń kọjá lórí wa. Àgbélébùú ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Southern Cross máa ń gòkè ní ìhà gúúsù, lọ́nà òkun, ní ìrọ̀lẹ́ láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹfà. Ọmọ tó ń gbé ní Peckham kò lè rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ láéláé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà lè rí i, kó ṣáà wá ibi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ti dí gúúsù mọ́ ọn lójú.

Bí iná bá sì lọ ní gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń wà kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ojúlé dé ojúlé. Àsìkò yẹn ni kí òbí sáré kó àwọn ọmọ jáde. Ètò kan tiẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́ kí èèyàn ròyìn ohun tó rí lókè, Globe at Night ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 2006 ló sì ti ń bá iṣẹ́ bọ̀. Ó ní kí àwọn èèyàn káàkiri ayé wo àgbájọ ìràwọ̀ kan, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n rí wé àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ láti orí fóònù wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí iná ìlú ti ń pa ìràwọ̀ rẹ́. Ọmọ tó bá ka ìràwọ̀ Orion nígbà tí iná wà, tó tún kà á nígbà tí iná lọ, ti ṣe ìwádìí gidi tó wúlò fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Láti mọ orúkọ ohun tó ń rí, áàpù méjì ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Stellarium jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣeé ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbé ohunkóhun sórí ẹ̀rọ. Sky Map jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù Android, kò sì nílò dátà tó bá ti wọlé. Ọmọ á gbé fóònù sókè, áàpù náà á sì sọ orúkọ ohun tó wà lápá ibẹ̀ fún un. Ohun kan wà tó máa ń ko àwọn òbí lójú: ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní ẹ̀rọ atọ́nisọ́nà nínú, ìyẹn èyí tó ń mọ àríwá yàtọ̀ sí gúúsù, nítorí náà àwòrán ìràwọ̀ kì í yí bí ọmọ ṣe ń yí. Wọ́n á rò pé áàpù náà ti bàjẹ́, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Kò bàjẹ́. Kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ orúkọ ìlú sí i, kí wọ́n máa fi ìka fa àwòrán náà, kí ọmọ sì kọ́ bí a ṣe ń fi ibi tí oòrùn ti wọ̀ mọ ìwọ̀ oòrùn. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yìí tiẹ̀ dára ju kí fóònù máa ṣe gbogbo rẹ̀ fún un lọ.

Àwọn baba wa mọ Venus dáadáa. Àgùàlà ni wọ́n pè é, wọ́n sì ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn èèyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ọmọ tó ní Stellarium lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀. Kó sún ọjọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, á rí i pé òṣùpá ń kọjá lára Àgùàlà, ó ń fi í sílẹ̀, ó tún ń padà wá bá a lóṣù tó ń bọ̀. Á rí i pé Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn. Bó pẹ́ bó yá, á rọlẹ̀ lójú sánmà ìrọ̀lẹ́, á pòórá fún ìgbà díẹ̀, á sì tún yọ ní òwúrọ̀ kùtù kí oòrùn tó là. Ìdí ni pé ó ń yí oòrùn ká nínú lọ́hùn-ún, láàárín oòrùn àti wa. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù lójú sánmà, ìṣẹ́jú kan ló máa gbà lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ jáde lọ wo Àgùàlà gan-an ní alẹ́ ọjọ́ kan, kó má baà rò pé eré orí fóònù ni.

Ohun mìíràn tó máa ń mú àwọn ọmọ pariwo ni ibùdó òfurufú àgbáyé tí àwọn èèyàn ti ń gbé láìdáwọ́ dúró láti oṣù Kọkànlá ọdún 2000. Gíga rẹ̀ sókè jẹ́ nǹkan bí 400 kìlómítà, kò tó ọ̀nà tí mọ́tò ń rìn láti Èkó dé Àbújá. Ó ń sáré 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Spot the Station tí NASA ń ṣe máa ń sọ ọjọ́, aago àti ìhà tí yóò ti yọ ní ìlú tí èèyàn bá wà. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tàbí kó tó là ni a ń rí i, torí pé òkùnkùn ti ṣú níbi tí a dúró sí, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń tàn sí i lára lókè lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ bà sí Ìkẹjà máa ń ṣẹ́jú, ó máa ń ní iná pupa. Èyí kì í ṣẹ́jú, kì í pariwo, á kàn máa yọ́ lọ ni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti kọjá.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni ètò MicroObservatory. Ilé ìwádìí ìràwọ̀ ti Harvard àti Smithsonian ní Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o. Wọ́n ní àwọn tẹlisíkóòpù kéékèèké tó ń fúnra wọn ṣiṣẹ́ ní Arizona, ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ ayé ló sì lè bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ á ṣí ojú ewé náà, á yan ohun tó fẹ́ kí wọ́n ya: òṣùpá, Jupiter, ìkùukùu Orion tí wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun, tàbí Andromeda, agbo ìràwọ̀ tó jìnnà sí wa. Wọ́n á bi í léèrè iye ìṣẹ́jú àáyá tó fẹ́ kí ojú ẹ̀rọ náà là sílẹ̀. Tó bá kéré jù, àwòrán á ṣókùnkùn. Tó bá pọ̀ jù fún ohun tó mọ́lẹ̀ bí òṣùpá, funfun báláú ni yóò jáde. Ó gbọ́dọ̀ ronú kó tó yàn. Lẹ́yìn náà, á fi àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì sílẹ̀, ti òbí rẹ̀ ni kó sì jẹ́, á wá lọ sùn.

Wákàtí mẹ́jọ ni Èkó fi ṣáájú Arizona. Nígbà tí ọmọ náà bá ń wọ aṣọ ilé ìwé ní aago méje àárọ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ ló ń lù níbẹ̀, ẹ̀rọ tó rán níṣẹ́ sì lè máa yí orí rẹ̀ lọ síbi tó ní kó wò lásìkò yẹn gan-an. Èsì á dé sínú ímeèlì. Àwòrán náà kì í dán bí èyí tí NASA ń gbé jáde: eérú ni àwọ̀ rẹ̀, àmì dúdú-funfun á wà káàkiri lára rẹ̀, nígbà mìíràn àwọ̀sánmà Arizona á ti bà á jẹ́ pátápátá. Kí òbí má bínú sí i, kí ọmọ sì má sunkún. Bí àwòrán tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń gbà ṣe rí nìyẹn kí wọ́n tó tún un ṣe, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fi àwọ̀ sí i sì wà lórí ojú ewé kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti inú ìkùukùu Orion ti rìn fún nǹkan bí 1,300 ọdún kó tó dé inú ẹ̀rọ yẹn. Ó ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ Èkó dó.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò dá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà, àpò àwọn ìyá tó ń tajà ní Ojúwòyè sì mọ̀ ọ́n lára. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, fóònù gidi kan ṣoṣo ló lè wà fún ọmọ mẹ́rin, bàbá wọn tó ni ín kì í sì í ti ibi iṣẹ́ dé kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Fídíò ni í jẹ dátà. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. NASA Space Place, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ láti ọdún 1998, kún fún àlàyé kúkúrú àti iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn lè kà láìwo fídíò kankan.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ̀. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, òun ló ń jẹ́ kí èèyàn gbé odidi Wikipedia sórí káàdì fóònù, títí kan ti èdè Yorùbá, kó sì máa kà á láìsí dátà. Olùkọ́ kan ṣoṣo tó bá rí Wi-Fi lò lẹ́ẹ̀kan, bóyá ní ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Herbert Macaulay tàbí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó tí wọ́n jọ ń gbé ní Akọka, lè gbé e sílẹ̀, kó wá fi Xender pín in fún gbogbo kíláàsì. Kò sí ẹni tó máa ná náírà kan lé e. Àwọn èèyàn kì í yéé sọ pé Yaba ni ojúkò ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà. Inú mi á dùn tí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bá ń ṣí ilẹ̀kùn àti Wi-Fi wọn fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba tó wà láyìíká wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Irọ́ náà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì mọ ọ̀nà ilé wa dáadáa. Tó bá ti di oṣù Kẹjọ, iṣẹ́ kan máa ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp pé ní alẹ́ ọjọ́ 27, Mars á tóbi tó òṣùpá. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Mars sún mọ́ wa ju bó ti ṣe lọ láti nǹkan bí 60,000 ọdún sẹ́yìn. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà pàápàá, nǹkan bí 56 mílíọ̀nù kìlómítà ló fi jìnnà sí wa, ìràwọ̀ pupa kan péré ló sì jọ. Ẹnìkan kàn sọ ọ̀rọ̀ náà dàrú, àwọn èèyàn sì ń gbé e kiri lọ́dọọdún. Ọmọ tó ní Stellarium lè fi ọjọ́ yẹn sínú rẹ̀, kó rí i fúnra rẹ̀, kó sì fi hàn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, tìfẹ́tìfẹ́ ni o.

Lẹ́tà ímeèlì kan tún wà tó ti ń yí ayé ká láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tó ní Major Abacha Tunde, ọmọ Nàìjíríà, há sínú ibùdó òfurufú àwọn ará Soviet kan tí wọ́n ń pè ní Salyut 8T, àti pé owó ni wọ́n fi máa gbé e wálé. Àwọn gbájú-ẹ̀ ló kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá wá ìtàn àwọn ibùdó Salyut á rí i pé Salyut 7 ló kẹ́yìn wọn, àti pé ó já bọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1991. Kí olùkọ́ wá fi ìròyìn kejì ti èyí: ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2025, agbẹjọ́rò Owolabi Salis, ọmọ Ìkòròdú, wà lára àwọn mẹ́fà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Blue Origin gbé lọ sí òfurufú láti Texas, tó sì gbé padà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ Nàìjíríà nínú òfurufú ni ìròyìn méjèèjì dá lé. Ọ̀kan irọ́, ọ̀kan òótọ́. Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Kó wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Kó wo bóyá fídíò ìgbà tó gbéra wà, bóyá orúkọ àwọn tí wọ́n jọ lọ wà, bóyá àwọn tí kò mọra wọn rí sọ ohun kan náà. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ lórí èyí á wúlò fún un lórí ọ̀rọ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ ìdìbò àti ọ̀rọ̀ owó nígbà tó bá dàgbà.

Ohun kan tún wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfi igi tó gùn tó mítà kan, math set tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní, àti oòrùn Èkó. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin àti ní nǹkan bí ọjọ́ 5 tàbí 6 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró gangan sórí Èkó. Ohun tó bá dúró ṣánṣán kì í ní òjìji lásìkò yẹn. Kì í ṣe aago méjìlá géérégé ló ń ṣẹlẹ̀, torí pé aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò bá ibi tó jìnnà sí wa ní ìlà oòrùn mu. Nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú méjìlá ni. Kí àwọn ọmọ ri igi náà mọ́lẹ̀ ní àgbàlá ilé ìwé, kí wọ́n fi okùn tí wọ́n so òkúta mọ́ rí i dájú pé kò dagun, kí wọ́n sì máa fi ẹfun sàmì sí ibi tí òjìji dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láti aago méjìlá àbọ̀. Òjìji á máa súnkì, á sún mọ́ ẹsẹ̀ igi, á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní òdìkejì. Ti oṣù Kẹrin ló rọrùn jù, torí pé ojú ọjọ́ máa ń mọ́ ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì á wá so wọ́n pọ̀ mọ́ kíláàsì kan ní Kánò. Lọ́jọ́ náà gan-an, igi mítà kan ní Kánò ṣì máa ní òjìji tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nígbà tí oòrùn bá ga jù níbẹ̀. Àwọn ọmọ tibẹ̀ á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ti Surulere á ya igi àti òjìji náà sórí ìwé pẹ̀lú rúlà, wọ́n á fi protractor wọn igun tó wà lókè, á sì fún wọn ní nǹkan bí ìwọ̀n 5.5. Odidi òbìrí jẹ́ 360. Wọ́n á lọ sórí máàpù, wọ́n á wọn bí Kánò ṣe jìnnà sí Èkó láti gúúsù sí àríwá nìkan, láìka ti ìlà oòrùn mọ́ ọn: nǹkan bí 610 kìlómítà. Kí wọ́n wá pín 360 sí 5.5, kí wọ́n sì fi èyí tó jáde sọ 610 di púpọ̀. Iye tí wọ́n máa rí kò ní jìnnà sí 40,000 kìlómítà, ìyẹn gbogbo àyíká ayé. Ọgbọ́n yìí kan náà ni Eratosthenes dá ní Íjíbítì ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn, kò sì ní fóònù lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti fi math set wọn ayé láti àgbàlá ilé ìwé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní ayé tẹ́ pẹrẹsẹ lórí YouTube wá bá a jiyàn.

Ó tún yẹ kí àwọn ọmọ mọ àwọn tó ti rin ọ̀nà ìmọ̀ òfurufú ṣáájú wọn. Wendy Okolo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Ames ti NASA, Queen's College tó wà ní Yaba ló lọ. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 26, ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú ní Yunifásítì Texas tó wà ní Arlington. Ọ̀rọ̀ tó sọ wà lórí fídíò lóríṣiríṣi, àwọn ọmọbìnrin tó ń gba ẹnu ọ̀nà Queen's College kọjá lójoojúmọ́ sì lè wò ó. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, FUTA, wà lára àwọn tó ṣe Nigeria EduSat-1 pẹ̀lú àwọn ará Japan, Ghana, Mongolia àti Bangladesh. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni sátẹ́láìtì náà. Ó gbéra lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2017, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti inú ibùdó òfurufú àgbáyé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní Ilé-Ifẹ̀, inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ òfurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti ọdún 1998. Kódà ìràwọ̀ kan wà lókè tó jẹ́ pé Nàìjíríà ló fún un lórúkọ: ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé gba orúkọ Amadioha fún ìràwọ̀ HD 43197, wọ́n sì pe plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká ní Equiano.

Olayinka Fagbemiro, tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ òfurufú Nàìjíríà, NASRDA, ló dá ẹ̀ka Astronomers Without Borders sílẹ̀ níbí, ẹgbẹ́ náà sì ń gbé ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ lọ bá àwọn ọmọ ilé ìwé. Ilé ìwé tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìràwọ̀ sílẹ̀ lè kàn sí wọn. Ọ̀sẹ̀ òfurufú àgbáyé, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún tó sì ń parí lọ́jọ́ 10, dára láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún sáà tuntun ni, ìdánwò kò tíì sún mọ́lé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó wà ní èdè Yorùbá nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Spain ni Space Place fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé máa ń rò pé èdè ìràwọ̀ kọ́ ni èdè ìyá òun. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ òbí ni pé kó ní kí ọmọ sọ ohun tó kà fún ìyá àgbà ní Yorùbá, kó ṣàlàyé ìdí tí òṣùpá fi ń lé tó tún ń wọ̀ọ̀kùn, kó sì dáhùn nígbà tí ìyá àgbà bá bi í ní ìbéèrè tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣòro fún un láti sọ ní Yorùbá, ó ṣeé ṣe kó máà tíì yé e ní Gẹ̀ẹ́sì náà. Wikipedia Yorùbá ní ojú ewé lórí àwọn plánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè kún un. Àwọn ọmọ SS2 ní Mushin lè fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá Yorùbá àti ti sáyẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ ọwọ́ wọn á sì wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ọjọ́ pàtó tí òun lè fi bẹ̀rẹ̀, òjìji ayé á bo èyí tó pọ̀ jù nínú òṣùpá ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2026. Ní Èkó, á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta àbọ̀ òru, á sì kún dé góńgó ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni kí wọ́n kọjú sí. Oòrùn ni kò ṣeé fi ojú lásán wò nígbà tí nǹkan bá bò ó. Òṣùpá kò léwu rárá, kò gba dígí kankan. Kí ọmọ mú ìwé àti pẹ́ńsù, kó ya bí òjìji náà ṣe rí ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì kíyè sí i pé etí rẹ̀ ń tẹ̀ kọrọdọ, torí pé ayé tó dá òjìji náà rí roboto. Àwọ̀sánmà lè bò ó ní oṣù Kẹjọ. Tó bá bò ó, àwọn tó wà níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́ á máa fi hàn lójú ẹsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wò ó níbẹ̀. Òṣùpá á wọ̀ lórí Èkó kí òjìji náà tó kúrò lára rẹ̀ tán. Ìsinmi gígùn làwọn ọmọ á wà, kò ní sí ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà.